Rílè Fáànù Nínú Ọkọ̀ Spọ́ọ̀tì Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí dá lé àìsàn kan tó wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ spọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ogójì sí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ọkọ̀ náà á máa sáré geere lójú ọ̀nà tó já gaara, ọwọ́ mítà ooru kò ní kúrò láàárín. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọ inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ọwọ́ mítà á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀, ẹni tó ń wà á á sì máa wá ibi tó máa yà sí kí omi tó hó. Rédíétọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá lẹ́bi nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀. Wọ́n á yọ ọ́ dànù, wọ́n á ra èyí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe, tàbí kí wọ́n lọ wá fáànù tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo dúró lé lórí ni pé kí ẹnikẹ́ni tó náwó sórí èyíkéyìí nínú méjèèjì yìí, ọ̀nà tí iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ fáànù ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, pàápàá jù lọ rílè, ìyẹn súìṣì tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá. Ṣé rílè tilẹ̀ wà níbẹ̀? Bó bá wà, ṣé ó ṣì lágbára láti gbé ẹrù tí wọ́n gbé lé e lórí? Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, kò sí ohun tó ṣe fáànù. Ebi iná ló ń pa á.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹ̀rí tí ọ̀nà fúnra rẹ̀ ń fi hàn wá. Bí ọkọ̀ bá ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan, atẹ́gùn tó ń rọ́ wọ iwájú rẹ̀ ti tó, fáànù kò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe níbẹ̀ mọ́. Bí omi bá wá gbóná jù lórí irú eré bẹ́ẹ̀, a mọ ibi tó yẹ ká wò: rédíétọ̀ lè ti dí nínú, pọ́ǹpù omi lè ti jẹ, tẹ́mósítáàtì lè má ṣí tán, tàbí kí ìdérí rédíétọ̀ má lè di omi mú mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá tutù lórí eré, tó wá ń gbóná nígbà tó bá dúró, ọ̀rọ̀ yí padà. Ooru tí ẹ́ńjìnnì ń mú jáde lórí eré pọ̀ gan-an ju èyí tó ń mú jáde nígbà tó bá dúró sójú kan. Rédíétọ̀ tó gbé ti eré láìyẹsẹ̀ kò lè sọ pé ti ìdúró wúwo jù fún òun. Ohun tó yàtọ̀ kò ju atẹ́gùn lọ, fáànù nìkan ló sì ń pèsè atẹ́gùn nígbà tí táyà kò bá yí. Nítorí náà, yálà fáànù ti bà jẹ́, tàbí ohun tó ń bọ́ fáànù ni kò bọ́ ọ yó. A lè fi nǹkan kékeré kan mọ èyí tó jẹ́. Kí a yọ fáànù kúrò lára wáyà ọkọ̀, kí a fi wáyà méjì tó nípọn, tí fíúsì wà lára ọ̀kan nínú wọn, so ó tààrà mọ́ bátìrì fún ìṣẹ́jú kan, kí a sì tẹ́tí sílẹ̀. Bí ariwo rẹ̀ bá ga sókè ju bó ti ń ké nígbà tí wáyà ọkọ̀ ń yí i, tí atẹ́gùn rẹ̀ sì le sí i lára ọwọ́, a jẹ́ pé fáànù kò jẹ̀bi. Ẹ̀bi ń bẹ lọ́wọ́ ohun tó wà láàárín òun àti bátìrì.

Kí nìdí tó fi jẹ́ pé ara ọkọ̀ spọ́ọ̀tì ni àìsàn yìí ti wọ́pọ̀? Láyé àtijọ́, bẹ́líìtì ló ń yí fáànù nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀, láti ara ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, iná kò sì bá a dá nǹkan pọ̀. Àléébù tó wà nínú ètò yẹn ni pé fáànù á máa yí kíkankíkan lórí eré, níbi tí kò ti wúlò, á máa jẹ nínú agbára ẹ́ńjìnnì, á sì máa yí jẹ́jẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, ní àkókò gan-an tí a ń wá a. Ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ eléré kò ní fẹ́ fi agbára ẹ́ńjìnnì ṣòfò bẹ́ẹ̀. Jaguar E-Type, tí wọ́n fi han aráyé ní Geneva ní ọdún 1961, ti lo fáànù oníná láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú Fiat X1/9, tó jáde ní 1972, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn ìjókòó, rédíétọ̀ sì wà níwájú pátápátá. Kò sí bẹ́líìtì tó lè gùn débẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ kí a fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ ni MGB, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ṣe ní Abingdon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1962 títí di 1980, tí iye rẹ̀ lé ní 500,000. Títí wọ ìdajì ẹ̀yìn àwọn ọdún 1970, bẹ́líìtì ló ń yí fáànù nínú MGB onísílíńdà mẹ́rin. Àwọn tí wọ́n ṣe láti apá ìparí ọdún 1976 ni wọ́n sún rédíétọ̀ wọn síwájú, tí wọ́n sì fún ní fáànù oníná: ẹyọ kan fún àwọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, méjì fún àwọn tó ń lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí oòrùn ti ń mú jù.

Nínú MGB wọ̀nyẹn, wọn kò fún fáànù ní rílè tirẹ̀. Súìṣì ooru kan wà ní orí rédíétọ̀, tí wọ́n kì bọ inú ihò pẹ̀lú rọ́bà tí kò jẹ́ kí omi jò, tí ìdè irin kan sì dì í mú. Bí omi bá gbóná dé ìwọ̀n kan, irin inú súìṣì yìí á yẹ̀, ojú irin méjì á kanra, gbogbo iná tí fáànù fẹ́ mu á sì gba àárín ojú irin méjì yẹn kọjá. Kí iná tó dé ibẹ̀, ó ti gba inú àpótí fíúsì, ó ti gba ojú ìsopọ̀ lóríṣiríṣi, irú èyí tí Lucas, ilé iṣẹ́ ohun èlò iná ọkọ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe: orí wáyà tí wọ́n fi idẹ dé bí ọta ìbọn, tí wọ́n tì bọ inú ihò irin tí wọ́n wọ rọ́bà dúdú fún. Ẹni tó bá fa ọ̀kan nínú wọn yọ lẹ́yìn ogójì ọdún á rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Rọ́bà á ti le gan-an, idẹ tó ń dán tẹ́lẹ̀ á ti dúdú tàbí kó ní ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé lára, bàbà inú wáyà á sì ti ṣú láti ojú rẹ̀ wọ abẹ́ ike. Lójú, wáyà ṣì so pọ̀. Iná pàápàá ṣì ń kọjá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dé ibi tó ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀, nítorí pé ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ká sọ pé fáànù méjì ń mu áńpíà 15 pa pọ̀. Ká sọ pé wáyà tó gbé iná lọ bá wọn gùn tó mítà mẹ́rin, tí ìnípọn bàbà inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1.5 níbùú lóròó. Wáyà yẹn nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ tuntun, á gba nǹkan bíi fóòtì 0.7 lọ́wọ́ iná kó tó jẹ́ kó kọjá. Ojú ìsopọ̀ mẹ́rin tó ti ṣú, bí ìdíwọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá jẹ́ 0.03 óòmù péré, á gba fóòtì 1.8. Ojú irin inú súìṣì tó ti jóná díẹ̀díẹ̀, bí tirẹ̀ bá jẹ́ 0.05 óòmù, á gba 0.75. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó lé ní fóòtì mẹ́ta. Bátìrì lè máa fi fóòtì 13.5 ránṣẹ́, kí ó má ju 10.25 lọ tó máa dé ọ̀dọ̀ fáànù. Ìyára mọ́tò irú èyí máa ń bá fóòtì rìn, atẹ́gùn tí fáànù ń fà sì ń bá ìyára rìn. Ìdá kan nínú mẹ́rin atẹ́gùn yẹn ti lọ nìyẹn, láìjẹ́ pé ohun kan gé tàbí pé fíúsì kan jó. Mo mọ̀ pé ìṣirò yìí kò ní bá ọkọ̀ gbogbo mu rẹ́gí, nítorí pé bí fóòtì bá ti ń wálẹ̀ ni áńpíà pàápàá ń dín kù. Ṣùgbọ́n iye tó ń sọnù kì í ṣe kékeré, kò sì sí ẹni tó máa fi ojú lásán rí i.

Fóòtì tó sọnù yẹn kò sì parẹ́ sínú afẹ́fẹ́. Ooru ló dà. Nínú súìṣì tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, wáàtì 11 ló ń di ooru láàárín ojú irin tí kò tó èékánná, ní orí rédíétọ̀ tó ti gbóná tẹ́lẹ̀. Ooru á mú kí ojú irin náà ṣú sí i, ṣíṣú á mú kí ìdíwọ́ pọ̀ sí i, ìdíwọ́ á tún mú ooru wá. Bí àìsàn yìí ṣe ń fúnra rẹ̀ bọ́ ara rẹ̀ nìyẹn, tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ tó ń gbóná díẹ̀ lọ́dún tó kọjá á máa gbóná púpọ̀ lọ́dún yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ẹ má sì gbàgbé pé mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí máa ń fa iná tó jẹ́ ìlọ́po mélòó kan èyí tó ń mu nígbà tó bá ti ń yí. Gbogbo ìgbà tí fáànù bá tàn nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, tó kú, tó tún tàn, ojú irin yẹn ló ń gba ìyà rẹ̀.

Iṣẹ́ rílè ni láti gba ìyà yẹn kúrò lọ́rùn súìṣì. Ọba kì í fi orí ara rẹ̀ ru ẹrù lọ sí ìlú kejì. Ilàrí ló ń rán. Súìṣì ooru ni kó máa pàṣẹ, kí rílè máa ru ẹrù. Nínú rílè, wáyà tínínrín kan wà tí wọ́n wé mọ́ irin. Bí iná kékeré bá gba inú rẹ̀, irin á di òòfà, á fa irin mìíràn mọ́ra, ojú irin tó nípọn á sì kanra gbàgà kí iná ńlá lè kọjá. Wáyà wíwé inú rílè ọkọ̀ lásán kì í sábà mu ju nǹkan bíi áńpíà 0.15 lọ. Súìṣì tó ń gbé áńpíà 15 tẹ́lẹ̀ wá ń gbé ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rílè kì í sì í ṣe tuntun. Joseph Henry ti Amẹ́ríkà ni a mọ̀ mọ́ ọn láti ọdún 1835, tipẹ́tipẹ́ kí ọkọ̀ tó ń lo epo bẹntiróòlù tó dé. Ohun tó mú kó wúlò fún tẹlígíráàfù nígbà náà ló mú kó wúlò fún wa: iná tó bá gba wáyà tó gùn, tó sì tín-ín-rín, máa ń rẹ̀ kó tó débẹ̀. Nítorí náà, jẹ́ kí iná tó ti rẹ̀ yẹn kàn ṣe iṣẹ́ òjíṣẹ́ lásán, kí iná mìíràn tó wà nítòsí ṣe iṣẹ́ alágbára. Bí a bá wá fi rílè tuntun àti wáyà tó nípọn mìlímítà mẹ́rin níbùú lóròó, tí kò gùn ju mítà kan àbọ̀ lọ, bọ́ fáànù méjì yẹn, gbogbo ohun tó máa sọnù lọ́nà kò ní ju nǹkan bíi fóòtì 0.3 lọ. Fáànù kan náà ni o, rédíétọ̀ kan náà ni. Atẹ́gùn tí Abingdon ti sanwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló kàn padà wá.

Ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ gidi á ní, “Bí wọ́n ṣe ṣe é ni kí ẹ fi í sílẹ̀. Ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ogójì ọdún.” Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìwúwo, mi ò sì fẹ́ fojú di í. Ọkọ̀ tó bá kúrò ní bó ṣe wá láti ilé iṣẹ́ máa ń pàdánù nínú ìtàn rẹ̀, àwọn adájọ́ níbi àfihàn ọkọ̀ sì mọ wáyà tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà kò ṣe é fún idẹ tó ti dúdú. Wọ́n ṣe é fún idẹ tuntun, wọ́n sì rò ó pé ẹni tó rà á á lò ó fún ọdún mẹ́wàá tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ètò tó dára tó fún ọkọ̀ tuntun kò di ohun mímọ́ nítorí pé ó pẹ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, iṣẹ́ yìí kò gé wáyà àtijọ́ kankan. A lè fi súìṣì sílẹ̀ níbi tó wà, kí wáyà àtijọ́ máa pàṣẹ fún rílè, kí a sì fi àwọn wáyà tuntun pa mọ́ sẹ́yìn ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Ẹni tó bá fẹ́ lọ síbi àfihàn lè tú u láàárọ̀, kó sì dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ti wà. Mélòó nínú iṣẹ́ tí à ń ṣe sára ọkọ̀ àtijọ́ la lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀? Tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì tó bá jó, tàbí orí ẹ́ńjìnnì tó bá wọ́ nítorí ooru, kò ṣe é dá padà bẹ́ẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù, lójú tèmi, ni ti ẹni tó ní rílè fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun kan sí i tó lè bà jẹ́. Òótọ́ ni. Àwọn tó ní Porsche 944, ọkọ̀ ilẹ̀ Jámánì tí wọ́n ṣe láti 1982 títí wọ 1991, mọ èyí dáadáa. Rílè kan wà nínú rẹ̀ tó ń fún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì àti pọ́ǹpù epo ní iná, ó sì ti di mímọ̀ káàkiri pé léèdì tí wọ́n fi jó inú rẹ̀ máa ń sán lẹ́yìn ọdún púpọ̀, tí ọkọ̀ á kú sójú ọ̀nà láìsí ìkìlọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn onímọ́tò yẹn ṣe sí i. Wọn kò yọ rílè kúrò. Wọ́n ra tuntun, wọ́n sì fi òmíràn pa mọ́ sínú ọkọ̀. Ohun tó bá máa bà jẹ́, ó sàn kó jẹ́ ohun tó wà lókè, tó gbẹ, tí ọwọ́ tó, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, tó sì jẹ́ pé ìṣẹ́jú kan ni a fi ń fà á yọ tí a fi ń ti òmíràn bọ̀ ọ́. Súìṣì inú rédíétọ̀ MGB kò rí bẹ́ẹ̀. Kí a tó pààrọ̀ rẹ̀, a ní láti dúró kí omi tutù, ká dà á kúrò, ká sì gbàdúrà kí rọ́bà tuntun má jò. Nígbà tí rílè bá gba ẹrù kúrò lórí rẹ̀, súìṣì yẹn á pẹ́ gan-an. Ewu kan ti wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lé ewu tó tóbi jù ú lọ jáde.

Àwọn kan á ní kí wọ́n kàn so fáànù dáírẹ́ẹ̀tì. Níhìn-ín nílé, ojútùú yìí wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn rìwáyà, kódà lára ọkọ̀ tí kì í ṣe spọ́ọ̀tì rárá: bí a bá ti ṣí kọ́kọ́rọ́, fáànù ti ń yí, títí a ó fi pa á. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Oníbàárà fẹ́ máa lọ, súìṣì tuntun kò sì sí lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín pé ọ̀nà wo ni iná dáírẹ́ẹ̀tì ń gbà. Bí ó bá jẹ́ pé wáyà kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n já ọwọ́ lé, iná náà ṣì ń gba wáyà tínínrín àti ojú ìsopọ̀ àtijọ́, ẹrù tó sì wà lọ́rùn súìṣì ooru tẹ́lẹ̀ ti di ti súìṣì kọ́kọ́rọ́, tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Fáànù á máa yí láàárọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, á máa yí lórí eré tí a kò nílò rẹ̀, mọ́tò rẹ̀ á sì tètè gbó. Níbi tí wọ́n bá tún ti yọ tẹ́mósítáàtì dànù, ẹ́ńjìnnì kò ní dé ìwọ̀n ooru tó yẹ kó fi ṣiṣẹ́ bọ̀rọ̀, epo tó ń jẹ á sì pọ̀ sí i.

Àwọn mìíràn á kàn fi fíúsì tó tóbi jù sí i. Ìyẹn léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ní ìdẹkùn kan tó ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Fíúsì onígíláàsì tí Lucas ṣe fún ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n kọ 35 sí lára, iye tó máa jó o ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìdajì rẹ̀, áńpíà 17, ni ohun tó lè máa gbé títí. Fíúsì ti Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ 35 sí lára máa gbé 35 títí láìjó. Ẹni tó bá fi ti Amẹ́ríkà rọ́pò ti Lucas nítorí pé nọ́ńbà wọn bára mu ti sọ ààbò wáyà rẹ̀ di ìdajì láìmọ̀. Bí wáyà bá wá kanra níbì kan, wáyà ló máa jó kí fíúsì tó jó.

Fáànù ńlá ńkọ́? Bí a bá so fáànù tó ń mu áńpíà 25 mọ́ ọ̀nà tó ti ń pàdánù fóòtì mẹ́ta lórí áńpíà 15, ohun tó máa pàdánù á pọ̀ sí i ni, nítorí pé bí áńpíà bá ṣe ń ga ni àdánù ń ga. Ó tún kan áltánétọ̀. Lucas 16ACR tó wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà yẹn kò mú ju nǹkan bíi áńpíà 34 jáde lọ nígbà tó bá ń yí dáadáa, kò sì lè mú tó bẹ́ẹ̀ jáde nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́jẹ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Fi iná iwájú kún un lálẹ́, bátìrì ló máa san gbèsè tó kù. Mi ò sọ pé fáànù ńlá kò ní ìgbà tirẹ̀. Ìgbà tirẹ̀ ni lẹ́yìn tí a bá ti fún ti àtijọ́ ní iná tó tọ́ sí i, tí a sì rí i pé kò tó síbẹ̀síbẹ̀.

Nípa iṣẹ́ náà gan-an, rílè onígun mẹ́rin tí wọ́n ń tà níbi gbogbo ló tó, èyí tí wọ́n kọ áńpíà 30 tàbí 40 sí lára. Nọ́ńbà wà ní ìdí rẹ̀: 30, 85, 86, 87. Iná ńlá láti ọ̀dọ̀ bátìrì ń wọ 30, ó ń jáde ní 87 lọ bá fáànù. 86 ni kí iná àṣẹ gbà wọlé, kí 85 lọ sí ara ọkọ̀. Ìtò yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé inú àwọn rílè mìíràn ní dáyóòdù tó ń pa iná tó ń ta padà nígbà tí òòfà bá kú. Bí 85 àti 86 bá gba ipò ara wọn, iná á gba inú dáyóòdù náà kọjá tààrà, á sì jó o. Àwọn rílè kan tún ní ẹsẹ̀ karùn-ún, 87a, láàárín. Kí a ṣọ́ra fún un. Iná wà lórí rẹ̀ nígbà tí rílè bá ń sinmi, kì í ṣe nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá so fáànù mọ́ ọn á bá bátìrì tó ti kú pátápátá láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ibi tí a ó ti mú iná ńlá yẹ ní ìrònú nínú MGB, nítorí pé ẹ̀yìn ìjókòó ni bátìrì rẹ̀ wà, wọ́n tilẹ̀ jẹ́ méjì onífóòtì 6 títí di nǹkan bí ọdún 1974. Kò pọn dandan kí a fa wáyà tuntun láti ẹ̀yìn wá síwájú. Okùn bátìrì tó nípọn bí àtàǹpàkò ti wá bá kíkì sítátà tẹ́lẹ̀, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Orí ìdè ibẹ̀ ni kí a ti mú un. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà nítòsí orí ìdè yẹn, kò gbọdọ̀ wà nítòsí fáànù, nítorí pé gbogbo wáyà tó bá wà ṣáájú fíúsì ni kò ní ààbò. Kí rílè wà níbi tí òjò kò ti ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀ kí omi má lè dúró síbẹ̀. Iná àṣẹ ni kí a mú láti ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń ṣí, kí fáànù má bàa máa yí lẹ́yìn tí olówó ọkọ̀ bá ti lọ. Ẹni tó ní MGB tó ṣáájú ìparí 1967, tó fẹ́ yọ fáànù bẹ́líìtì kúrò kó fi fáànù oníná bíi ti Kenlowe sí i, gbọ́dọ̀ tún mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíìfù ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀ nígbà náà. Bí a bá gbàgbé èyí, fáànù á máa yí sódì, á sì máa fẹ́ atẹ́gùn lòdì sí èyí tó ń wọlé.

Ìdajì ọ̀nà iná yòókù ni ọ̀pọ̀ rìwáyà máa ń gbàgbé: ọ̀nà àbọ̀, láti fáànù padà sí ara ọkọ̀. Ìdíwọ́ 0.05 óòmù lábẹ́ ìdè kan tó ti dógùn-ún lórí irin tí wọ́n kùn ní ọ̀dà ń jẹ fóòtì gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀nà àlọ. Kí a ha ọ̀dà kúrò títí irin á fi dán, kí a dè é pinpin, kí a sì fi gíríìsì bò ó lórí. Lẹ́yìn náà ni kí a mú mítà wá. Bí fáànù bá ń yí, kí a fi ẹsẹ̀ mítà kan sórí bátìrì níbi pọ́sítíìfù, kí èkejì wà lórí wáyà pọ́sítíìfù tó wọ fáànù. Nọ́ńbà tó bá jáde ni fóòtì tó ń sọnù ní ọ̀nà àlọ. Kí a ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ nẹ́gétíìfù pẹ̀lú. Bí méjèèjì pa pọ̀ kò bá lé ní 0.5, iṣẹ́ náà ti parí. Bó bá lé, kí a máa gbé ẹsẹ̀ mítà kejì súnmọ́ bátìrì láti ojú ìsopọ̀ kan sí òmíràn. Ibi tí nọ́ńbà náà bá ti já wálẹ̀ lójijì, láàárín ibẹ̀ àti ibi tí a ti kúrò ni ojú tó ṣú wà.